Ta Ló Bí Náírà 370?

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Bísí wà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Àdìrẹ ló ń tà. Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ló ti ń kó o wá, ṣùgbọ́n orí WhatsApp àti Instagram ni ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ ti ń rí ọjà báyìí. Bàbá Ṣọ́wóná, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí àwọn ará àdúgbò ní ó máa ń ka ẹyọ ẹ̀wà kó tó dà á síná, rí àdìrẹ aláró kan lórí fóònù, ó wù ú, ó tẹ líǹkì tí wọ́n fi ń sanwó. Ohun tó rí níbẹ̀ ló mú un wọ bàtà, tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ lọ́sàn-án gangan.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Ìyá Bísí! Ìyá Bísí o! Jáde wá kí n tó kígbe olè!

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ káàsán, Bàbá. Ṣé kò sí o? Ta ló kú?

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Owó mi ló fẹ́ kú, ìwọ lo fẹ́ pa á. Èló lo kọ sábẹ́ àwòrán àdìrẹ aláró yẹn, yáàdì márùn-ún?

ÌYÁ BÍSÍ: Náírà 18,000.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: O ṣeun. Èló wá ni líǹkì rẹ ní kí n san?

ÌYÁ BÍSÍ: Náírà 18,370.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Ta ló bí 370? Mo tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan péré, owó ti bímọ!

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ jókòó ná, Bàbá. Ṣáàjì ni. Paystack ni mo ń lò láti gba owó. Bí ẹ bá fi káàdì ilẹ̀ yìí san án, wọ́n á yọ náírà kan àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á tún yọ náírà 100 lé e. Ẹ̀yin náà ṣáà kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ẹ ṣe é.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: (ó ń ka ìka) 270... pẹ̀lú 100... Ó pé. Ṣùgbọ́n ta ni Paystack? Èmi ni mo gbà á síṣẹ́ ni?

ÌYÁ BÍSÍ: Ọmọ Nàìjíríà méjì ló dá a sílẹ̀ ní 2015, Shola Akinlade àti Ezra Olubi. Nígbà tó di 2020, Stripe ti Amẹ́ríkà rà á, wọ́n ní owó náà lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Mílíọ̀nù 200 dọ́là! Náírà 370 tèmi ló wá kù kó pé?

ÌYÁ BÍSÍ: Àwọn nìkan kọ́ ló ń jẹ ẹ́. Báǹkì tó fún yín ní káàdì ń mú tiẹ̀ níbẹ̀, Verve tàbí Visa tàbí Mastercard tó wà lára káàdì náà ń mú tiẹ̀.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Kí gbogbo wọn máa jẹ ẹ́ nínú àpò rẹ. Ìwọ lò ń tajà. Ṣé o máa ń kọ owó ilé sí abẹ́ àwòrán? Ṣé o máa ń kọ owó epo jẹnẹrétọ̀? Àga tí mo jókòó lé yìí, èló ni ṣáàjì ẹ̀?

ÌYÁ BÍSÍ: Ìyẹn yàtọ̀. Mo tà o, mi ò tà o, lọ́ńdìlọ́ọ̀dù á gba owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá yọ káàdì, 370 ò sí láyé. Ẹni tó yọ káàdì ló bí i.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Èmi ni mo yọ ọ́? Ìwọ ṣá lo ní o ò gba tíráńsífà mọ́!

ÌYÁ BÍSÍ: Mi ò lè gbà á mọ́, Bàbá. Ọmọkùnrin kan wá síbí, ó mú aṣọ mẹ́ta, ó fi àlẹ́ẹ̀tì hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Mo tiẹ̀ bá a gbé aṣọ dé ìdí ọkọ̀. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń dá owó náà dúró. Bísí ti parí ìwé mẹ́wàá látìgbà yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò tíì jẹ́ kówó yẹn dé.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Kí ló kàn mí nínú ìyẹn? Ṣé mo jọ oní-àlẹ́ẹ̀tì èké lójú rẹ ni? Bí mo bá fi 18,000 ránṣẹ́ láti báǹkì mi, náírà 25 péré ni wọ́n máa gbà. Mo mọ̀ ọ́n sórí bí ìṣirò ìlọ́po: owó tí ò bá ju 5,000 lọ, náírà 10, tó bá ju 5,000 lọ títí dé 50,000, náírà 25, tó bá kọjá ìyẹn, náírà 50. CBN ló fi lélẹ̀ ní 2020.

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ fi VAT lé 25 yẹn. Ẹ wá fi náírà 50 ti ìjọba lé e, torí owó tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ ti tó 10,000.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Irọ́! Ẹni tó gba owó ló ń san 50 yẹn. Àkáǹtì rẹ ni wọ́n ti máa yọ ọ́, kì í ṣe tèmi.

ÌYÁ BÍSÍ: Tẹ́lẹ̀ nìyẹn, Bàbá. Òfin owó orí tuntun ti yí i padà. Láti oṣù kìíní 2026, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ni wọ́n ń yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: (ó rọra jókòó padà) Ta ló gbé e kà mí lórí?

ÌYÁ BÍSÍ: Ìjọba. Ẹ̀ báà lọ kígbe olè níwájú Sẹ́kíteríàtì.

(Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé ìṣirò ló ń ṣe: gbogbo tíráńsífà tó ti ṣe láti oṣù kìíní, àádọ́ta àádọ́ta.)

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Irú ìwà yìí ni wọ́n hù ní 2019. Náírà 50 orí POS, òǹtajà ló yẹ kó san án. Ilé epo gbé e fún wa, ṣúpámákẹ́ẹ̀tì náà gbé e fún wa. Èmi ò gbà. Mo wa mọ́tò láti ilé epo kan dé òmíràn, mò ń wá ẹni tí ò ní gba 50.

ÌYÁ BÍSÍ: Ṣé ẹ rí i?

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Epo tán lójú ọ̀nà.

ÌYÁ BÍSÍ: (ó fi ìborùn bo ẹnu) Ẹ pẹ̀lẹ́.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Má rẹ́rìn-ín! Ọmọ mi tó wà ní Peckham, ní London, sọ fún mi pé níbẹ̀, láti oṣù kìíní 2018, òǹtajà ò gbọdọ̀ fi ṣáàjì káàdì lé owó oníbàárà. Iye tí wọ́n bá kọ nìyẹn.

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ bi ọmọ yín bóyá bàtà wá dínwó ní London. Àwọn náà ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, inú iye bàtà ni wọ́n kó o sí. Tèmi ni mo kọ síta kí ẹ lè rí i, òun lẹ ṣe fẹ́ pe ọlọ́pàá.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Síta ibo? Ìdí líǹkì lo kọ ọ́ sí, lẹ́yìn tí mo ti kọ orúkọ, tí mo ti kọ àdírẹ́sì, tí ọkàn mi ti wọ aṣọ náà tán! Àwa náà lófin ńlẹ̀ yìí. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti 2018: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú mi san ju iye tí wọ́n kọ sí ọjà lọ.

ÌYÁ BÍSÍ: Ìyẹn ló mú àwọn kan máa kọ "DM for price".

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Òfin kan náà ní dandan ni kí wọ́n kọ iye ọjà. Àwọn yẹn ń rú òfin lójú méjèèjì.

ÌYÁ BÍSÍ: Ṣé ẹ tún ka ìwé lọ́yà ni?

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Ahun ni wọ́n ń pè mí. Ahun tí ò mọ òfin, wọ́n á jẹ ẹ́ run.

ÌYÁ BÍSÍ: Ó tó. Ẹ kó káàṣì sílẹ̀, 18,000 géérégé, ká gbàgbé líǹkì.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Káàṣì dà? Ẹ̀rọ ATM méjì tí mo yà níbẹ̀ ò pọ owó.

ÌYÁ BÍSÍ: Ọmọ oní-POS wà lábẹ́ agboòrùn lọ́hùn-ún.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Mo ti bi í. Ó ní 400.

ÌYÁ BÍSÍ: Áà! Ẹ sì bá a jà bí ẹ ṣe bá mi jà?

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Mo bẹ̀ ẹ́ ni. Ìwọ náà rántí 2023, nígbà tí owó tuntun wọ́n bí ojú. Ẹni tó ń ta owó fún èèyàn, wọn kì í bá a jà.

ÌYÁ BÍSÍ: Èmi tí mò ń ta aṣọ wá ni wọ́n ń bá jà.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Ìwọ gan-an ò tiẹ̀ mọ ṣáàjì í gbà. Bí mo bá san 18,370, orí 18,370 ni wọ́n ti máa yọ tiwọn, kì í ṣe orí 18,000. Ìyẹn jẹ́ náírà 275 àti kọ́bọ̀ 55, ká tó fi 100 lé e. Náírà 17,994 àti kọ́bọ̀ 45 ló máa dé ọwọ́ rẹ. Ó ti dín ní náírà márùn-ún àti kọ́bọ̀ 55.

ÌYÁ BÍSÍ: Lórí gbogbo àdìrẹ tí mo ti ń tà láti ọjọ́ yìí?

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn! Kó tó lè pé 18,000 lọ́wọ́ rẹ, 18,376 ló yẹ kó o kọ. Mo ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ fún ọ.

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ ṣé gan-an, Tíṣà. (ó tẹ fóònù) Ó ti di 18,376. Ẹ san án.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Háà! Ẹnu mi kó bá mi!

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí fún yín. Ẹni tó bá ra aṣọ ìgbéyàwó 300,000, náírà 2,000 ni gbogbo ohun tí wọ́n máa yọ. Ibẹ̀ ni wọ́n dé òpin, wọn kì í gbà jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n síkáàfù kékeré yìí, 2,500, wọ́n á yọ 137 àti ààbọ̀ lórí rẹ̀. Èrè mi lórí síkáàfù ò tó 400. Bí mo bá san ṣáàjì yẹn lápò mi, kí ni mo wá fi ń rán Bísí níléèwé?

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Ẹni tó ra 300,000 ò san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún, ọmọ iléèwé tó ra síkáàfù wá ń san márùn-ún àtààbọ̀. (ó mi orí) Èyí ò dáa. Ṣùgbọ́n dúró ná. Mo kà á pé wọn kì í gba náírà 100 yẹn lórí owó tí ò bá tó 2,500. Àbí irọ́ ni?

ÌYÁ BÍSÍ: Òótọ́ ni.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Ó parí! N ó pín owó àdìrẹ sí ọ̀nà mẹ́jọ. Náírà 2,250 lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ó di 18,000. Kò sí 100 lórí ọ̀kankan. Náírà 270 nìkan ni wọ́n máa rí yọ. Mo ti dá 100 padà sí ọ lọ́wọ́!

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pe Bísí kó wá bá yín ka OTP ẹyọ kan, OTP mẹ́jọ lẹ fẹ́ kà? Tí báǹkì á sì fi àlẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ránṣẹ́ sí yín?

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Kí wọ́n fi ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́. Àlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó.

ÌYÁ BÍSÍ: Láti oṣù karùn-ún 2025, náírà mẹ́fà ni àlẹ́ẹ̀tì kan. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́jọ...

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: 48! Ta ló máa san án?

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹni tó ni fóònù.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Kí n ná 48 torí kí ìwọ lè jèrè 100? Ká má dá ọgbọ́n yẹn mọ́.

ÌYÁ BÍSÍ: Bàbá, ẹ gbọ́, oòrùn ti ń wọ̀. Mo ti pa ṣáàjì rẹ́. Ẹ wò ó lójú fóònù: àdìrẹ yìí di 19,000. Kò sí ṣáàjì, kò sí 370, kò sí 376. Iye kan ṣoṣo.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: (ojú rẹ̀ là) Ohun tí mo ń wí láti ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn! Iye kan, ká ná an bí ọmọ Yorùbá. 17,000.

ÌYÁ BÍSÍ: Kò gbà. 18,800.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: 17,500. Mo ti fẹ̀yìn tì.

ÌYÁ BÍSÍ: 18,600. Ẹ ti fẹ̀yìn tì, aró ò tíì fẹ̀yìn tì.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: 18,200, kí n máa lọ.

ÌYÁ BÍSÍ: 18,400. Bí ẹ ò bá gbà, ẹ kúrò lórí àga mi.

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Mo gbà! Fi líǹkì ránṣẹ́.

(Ó tẹ káàdì, Bísí bá a ka OTP, owó wọlé. Ó gbé àdìrẹ há abíyá, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.)

BÀBÁ ṢỌ́WÓNÁ: Ìyá Bísí, 600 ni mo gé kúrò lórí rẹ lónìí. Lọ́jọ́ mìíràn, o ò ní fi ṣáàjì lọ èmi.

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ gé e lóòótọ́, Bàbá. Ẹ ti borí mi. Ẹ kí ilé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, Ìyá Bísí ti tún gbogbo iye tó wà lójú ọjà rẹ̀ kọ. Yáàdì márùn-ún di 18,400, síkáàfù di 2,650, ó sì yọ ìlà tí wọ́n ń pè ní ṣáàjì kúrò nídìí líǹkì pátápátá. Owó ẹni tó ń gbé ọjà lọ fún oníbàárà nìkan ló ṣẹ́kù tó dá dúró, torí pé owó ọ̀kadà dé Bódìjà kọ́ ni owó ọ̀kadà dé Ògbómọ̀ṣọ́.