Síkúrù Èènì

Òjò oṣù Kẹrin ò tíì rọ̀ tó ìgbà mẹ́ta tí koríko ẹ̀yìnkùlé wa fi ga dé orúnkún. Ìyàwó mi ní ká pe ọmọ tó ń fi máṣíìnì gé koríko kiri àdúgbò. Mo ní kí ló dé? Ṣebí a ní tiwa. Èmi tí mo ti ń tú púlọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ “I pass my neighbour” láti ìgbà tí mo wà ní yàrá kan ní Mọ́kọ́lá, ṣé ẹ́ńjìnnì tú-sítíróòkì ló máa wá fi mí ṣẹ̀sín?

Mo po epo bó ṣe yẹ: bẹntiróòlù lítà kan, ọ́ìlì mìlílítà 40. Àwọn tó ń da bẹntiróòlù lásán sí i ni ẹ́ńjìnnì ń nọ́ọ̀kì mọ́ lọ́wọ́, èmi kọ́. Mo gbé ṣóòkì, mo fa okùn. Ó ní “púù”, ó dákẹ́. Nígbà tí mo máa fà á tó ọgbọ̀n ìgbà, èmi gan-an ni mò ń hó bí ẹ́ńjìnnì.

Mo yọ púlọ́ọ̀gì. Ó tutù rinrin, epo ń dé ibẹ̀ nìyẹn. Mo nù ún, mo dì í mú mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, mo fa okùn kí n lè mọ̀ bóyá ó ń ta iná. Ó ń ta iná. Ara mi ló kọ́kọ́ gbọ́, ajá àwọn aládùúgbò ló tẹ̀ lé e.

Ó ku kábúrétọ̀. Mo tú u sínú tíréè, mo fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, mo sì mu nínú bẹntiróòlù náà. Nígbà tí mo tò ó padà, síkúrù kan ṣẹ́ kù. Mo sọ ọ́ sápò. Mo ní bóyá èènì ni wọ́n fi ṣe fún wa.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ọmọ tí mi ò fẹ́ pè ń kọjá lọ, tòun ti máṣíìnì rẹ̀ léjìká.

“Ẹ kú iṣẹ́, Dádì. Ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn, sà?”

“Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú sàlẹ́ńsà, ó ki wáyà bọ ẹnu rẹ̀. Amọ̀ gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, tòun ti òkú aláǹtakùn wẹ́wẹ́. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ mọlé ti kọ́lé síbẹ̀, ó ti kó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ pamọ́.

“Kò ríbi tu èéfín sí ni, sà. Bí kò bá tu èyí tó ti jó síta, kò ní í ráyè fa tuntun sínú.”

Ẹnu tó fi ń jẹun ni mo ti ń wò látàárọ̀. Mi ò rántí ìdí rẹ̀.

Ó tún wo kábúrétọ̀ fínnífínní. “Dádì, síkúrù kan ò sí níbí o.”

Mo yọ èènì lápò.

Ó fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, ó dún. Mo san owó àtúnṣe, mo tún san owó koríko, torí apá mi ò lè gbé máṣíìnì kankan mọ́. Ìyàwó mi gbé omi tútù jáde, ó gba iwájú mi kọjá, ó sì kúnlẹ̀ gbé e fún mẹkáníìkì.