Káàdì Ò Mọ Ibi Tẹ́ Ẹ Bá Eré Dé

Ẹni tó bá ra káàdì microSD ńlá sínú Nintendo Switch rẹ̀ á máa sùn, á máa hanrun. Ó rò pé gbogbo rẹ̀ ti wà nínú káàdì. Irọ́ ni o! Géèmù lè wà níbẹ̀, àwòrán lè wà níbẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá eré dé, inú ẹ̀rọ gan-an ló wà. Tí ẹ̀rọ bá já sómi, ẹ ó yọ káàdì láyọ̀, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kìn-ín-ní.

Tẹ́ ẹ bá sì ní kẹ́ ẹ gbé ibi tẹ́ ẹ bá eré dé sínú Switch mìíràn, kì í ṣe ẹ̀dà ló ń ṣe. Bó ṣe ń dé ọ̀hún ló ń pòórá níhìn-ín.

Sony náà ò kẹ̀rẹ̀. PS4 gbà kẹ́ ẹ ṣe ẹ̀dà sórí fúláàṣì. Ṣùgbọ́n ti géèmù PS5, ẹ ò lè ṣe ẹ̀dà eré kan ṣoṣo sórí fúláàṣì bẹ́ẹ̀; orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń lọ, pẹ̀lú owó PlayStation Plus. Áà, PS2 dà? Káàdì mẹ́gábáìtì 8, ẹ yọ ọ́, ó di àpò, ó di ilé ọ̀rẹ́. (Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni pé kẹ́ ẹ má yọ ọ́ nígbà tó bá ń kọ nǹkan sílẹ̀. Àwọn tó ń mú iná lọ ò gbọ́ ìyẹn rí.)

Ẹ̀yin oní-Switch, ẹ san owó Nintendo Switch Online kí ẹ̀dà ibi tẹ́ ẹ bá eré dé lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ń gba géèmù yín: wọn ò gba Pokémon Sword.