Ilé Tí Kò Ní Sílíìnì àti Nọ́ọ̀sì Oṣù Mẹ́fà

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni.

Ọmọ wọn obìnrin gba èsì WAEC. Kírẹ́dìtì márààrún tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì ló ní: Gẹ̀ẹ́sì, Máàtì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì, ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan péré. Ni a bá kóra jọ sí páálọ̀ láti yan ilé ẹ̀kọ́ fún un. Àwa tí a ò ní kírẹ́dìtì là ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ni kírẹ́dìtì ń bu ìrẹsì fún wa. Èmi tí mo gba F9 nínú Físíìsì, ohùn tèmi ló ròkè jù.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi ní: "Ọdún mélòó ni wọ́n fi ń kọ́ ọ?" A ní ọdún márùn-ún ni ní yunifásítì. Wọ́n fò sókè bí ẹni tí omi gbígbóná ta sí lára. "Ọdún márùn-ún! Ṣé òkú ló fẹ́ máa jí ni?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ilé tí a jókòó sí yẹn, ọdún kẹrìnlá rèé tí ẹ ti ń kọ́ ọ. Páálọ̀ ò ní sílíìnì. Aláǹgbá já bọ́ látorí igi àjà, ẹ̀gbẹ́ àwo ìrẹsì mi ló balẹ̀ sí. Ẹ fún bíríkìlà ní ọdún mẹ́rìnlá, ẹ ò bínú. Ọdún márùn-ún ti ọmọ yín ló wá pọ̀ jù.

Ìyàwó wa ní tiwọn ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ò tíì ra fọ́ọ̀mù JAMB, ìyá ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀wù òtútù. Ẹ rọra, Mọ́mì. Láti 2024 ni Nursing and Midwifery Council of Nigeria, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Council, ti ní kí ẹni tó bá gba láísẹ́ǹsì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún méjì kí àwọn tó jẹ́rìí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn tìtorí rẹ̀, àmọ́ òfin tí wọ́n ṣe nìyẹn. Bó bá sì débẹ̀, ìdánwò ń dúró dè é. Òyìnbó ò ní gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ kàn yìn.

Níbi tí a ti ń jà lọ́wọ́ ni àǹtí kan tí ẹnikẹ́ni ò pè ti dá sí i: "Kí lẹ ń yọ ara yín lẹ́nu sí? Ilé ìwòsàn kan wà lẹ́yìn ọjà. Oṣù mẹ́fà péré, wọ́n á fún un láṣọ funfun, ó ti di nọ́ọ̀sì nìyẹn."

Ni apá òsì mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí.

Ibà ló gbé mi dé irú ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní nọ́ọ̀sì níbẹ̀ funfun báláú láti orí dé bàtà. Aago wà láyà rẹ̀, aago ọ̀hún sì ti kú, ó ti dúró sí aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òun náà ló fi ń ka ìlùkìkì ọkàn mi. Ó so rọ́bà mọ́ mi lápá, ó ń fi ìka gbá a pó-pó-pó bí ẹni ń yẹ bàrà wò lọ́jà. Ó gún mi lẹ́ẹ̀kíní, kò rí iṣan. Ó gún mi lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí n má mí. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó gbé ojú sókè, ó rọra bi mí pé: "Dádì, ṣé ẹ máa ń ní iṣan tẹ́lẹ̀?"

Àǹtí, oṣù mẹ́fà yín rèé lápá mi.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka ọdún náà bí èèyàn gidi. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àtijọ́ jẹ́ ọdún mẹ́ta. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ àyẹ̀wò. Ẹni tó bá yege á dé fìlà, ẹni tó bá fìdí rẹmi á gbé àpótí rẹ̀ padà sílé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdánwò Council. Bó bá tún fẹ́ jẹ́ agbẹ̀bí, oṣù 18 mìíràn. Ọ̀pọ̀ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti di kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí: JAMB lẹ ó fi wọlé, ND àti HND á sì gba ọdún mẹ́rin. Ti yunifásítì jẹ́ ọdún márùn-ún, ọdún kan fún ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ọdún kan fún àgùnbánirọ̀. Ó di méje.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ "mẹ́ta". Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ṣe mẹ́ta, tó tún ṣe agbẹ̀bí, tó wá rí i pé dìgírì ni wọ́n fi ń dé ipò tí òun ń wò, yunifásítì náà ló máa padà wọ̀, tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Ìsanwó díẹ̀díẹ̀ ni. Gbèsè náà kò dín.

Ẹ wo ẹni tó fara balẹ̀ kọ́ ọ: Kòfowórọlà Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó, ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní St Thomas', Lọ́ńdọ̀nù, ní 1946. Ní 1950 ló tó gba ìwé nọ́ọ̀sì. Ó padà wálé, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ métírọ́nù ní UCH Ìbàdàn. Nígbà tí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1965, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ṣe é, kò ní àǹtí lẹ́yìn ọjà.

Ẹ̀yin òbí, ìbéèrè "ọdún mélòó" kọ́ ló ń pa ọmọ lẹ́kún. Ẹ béèrè bóyá Council fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, iye ọmọ tí wọ́n ní kó gbà, àti bóyá orúkọ ọmọ yín á wọ ìwé Council. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún láàyè ọmọ 50 tó wá gba 120, àwọn 70 yòókù, aṣọ funfun nìkan ni wọ́n rà. Ẹ wádìí èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, a ti ra fọ́ọ̀mù JAMB. Yunifásítì lọmọ mú. Ọdún méje lẹ ní, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, kí nọ́ọ̀sì wa tó dé, ẹ lọ kan sílíìnì yẹn.