Bàbá Ìbejì àti Egbò Orí Itan

Ẹ̀yin ò tíì gbọ́ ti Bàbá Ìbejì, tó ń gbé lókè wa ní Peckham níbí? Ẹ sún mọ́ mi. Ọkùnrin yìí ti ọsíbítù dé, a lọ kí i, kálukú ń yọjú wo àyà ẹ̀ bóyá a ó rí ojú abẹ. Àyà ń dán, kò sí àpá kankan! Ìgbà tó fẹ́ dìde ló di orí itan mú. Ni Ìyá Ẹlẹ́ja bá fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ mi: "Ṣebí ọkàn ni wọ́n ló ń ṣe é, kí ni egbò ń wá níbi tí rọ́bà pátá ń gbà?" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Àṣé ọ̀nà ọkàn náà nìyẹn. Inú iṣan ńlá orí itan ni dókítà ti ki wáyà tín-ín-rín bọ̀ ọ́, tó fi dé ọkàn, tó wá fi iná jó ojú ibi tó ń mú un sáré bí ewúrẹ́ tó já okùn. Tony Blair náà ṣe é lọ́dún 2004, ní Hammersmith, nígbà tó wà lórí oyè olórí ìjọba Bìrìtéènì. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà la gbọ́ pé òun àtìyàwó ẹ̀ ra ilé olówó gọbọi sí Connaught Square. Ẹ sọ fún mi, àyà ta ni kò ní í sáré?

Kí ni mo tiẹ̀ ń sọ? Ẹ̀ẹ́n. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti kọjá, ọkàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta kìtì lóru. Bàbá Ìbejì figbe ta, ó ní wọ́n ti jẹ owó òun. Owó wo? NHS tó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́! Nọ́ọ̀sì ní kó fara balẹ̀, ojú ibi tí wọ́n jó ò tíì jinná. Ó lè tó oṣù mẹ́ta kéèyàn tó mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà jẹ́. Àmọ́ tí ibà bá dé, tí oúnjẹ bá ń há a lọ́fun, tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu ẹ̀, ọsíbítù lójú ẹsẹ̀. Kó má sì pa oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì jẹ, bí ọkàn tiẹ̀ rọlẹ̀. Àbúrò ẹ̀ gbé àgbo wá láti Ìbàdàn, Ìyá Ìbejì tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní ó di ìgbà tí dókítà bá fọwọ́ sí i.

Wọ́n ní kó má gbé ẹrù wúwo fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ yẹn ti lọ tipẹ́. Àná, ìyàwó ní kó gbé abọ́ tó fi jẹ àmàlà lọ sí kíṣìnnì. Ó ní ṣé ó fẹ́ pa òun ni?