Wáìnì Tí Mo Tọ́ Dàgbà Lórí Fíríìjì

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí mo kó dé Toulouse nípa wáìnì pupa ni pé bó bá ṣe pẹ́ sí ni yóò ṣe dùn sí. N kò rántí ẹni tó kọ́ mi, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé onítọ̀hún kò ra ìgò kan rí. Owó tó wà lápò mi, ti ìgò ẹlẹ́yúrò mẹ́fà ni. Mo wá pinnu pé bí n kò bá lè ra àgbà, màá ra ọmọdé, màá sì tọ́ ọ dàgbà.

Beaujolais Nouveau ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti lè máa rẹ́rìn-ín báyìí. Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù Kọkànlá ni wọ́n máa ń gbé e jáde lọ́dọọdún, àjàrà gamay tí wọ́n ká lọ́dún náà gan-an ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Kí èèyàn tètè mu ún ni wọ́n ṣe ṣe é. Orí fíríìjì ni mo gbé tèmi sí, níbi tó ń gbóná tọ̀sán-tòru tó sì ń gbọ̀n, mo gbé e dúró gbọnrangandan. Ibi tútù tó ṣókùnkùn ni wáìnì ń fẹ́, bí ìwọ̀n 12 tàbí 13 lórí Celsius, kí ìgò sì dùbúlẹ̀ kí kọ́ọ̀kì má baà gbẹ.

Èyí tó yẹ kí n fi pamọ́, òun ni mo ṣí kí n tó bọ́ bàtà. Madiran ni, láti ẹsẹ̀ òkè Pyrenees, àjàrà tannat ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí mo ṣe gbé e mì, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, èrìgì mi gbẹ, àfi bí ẹni tó jẹ obì tí kò rí omi mu. Mo ní wọ́n ti ta ọtí tó bàjẹ́ fún mi. Mo bu ṣúgà sí i, mo rò ó, kò gbọ́. Mo bá dé ìgò, ó di ọ̀dọ̀ ìyá tó tà á.

Ìyá náà bu díẹ̀ sínú ife, ó tọ́ ọ wò, ó wò mí lójú. "Monsieur, ṣé ṣúgà kọ́ nìyí?" Ilẹ̀ kò lanu. Ó bi mí pé kí ni mo fi mu ún. Mo ní bisikíìtì. Ó ṣí ìgò mìíràn, ó gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ fún mi: "Ẹ jẹ èyí ná." Ọtí náà sì rọ̀ lẹ́nu mi. Tannin ni orúkọ ohun tó ń fún ẹnu pọ̀ yẹn. Èèpo àti kóró àjàrà ló ti ń jáde, ara èròjà inú itọ́ ló sì máa ń dì mọ́. Bí ẹran bá wà lẹ́nu, a fi itọ́ sílẹ̀. Bí ọdún bá ń gorí ọdún nínú ìgò, á rọ̀ fúnra rẹ̀. Tannin kò tó nǹkan nínú Beaujolais Nouveau, kò rí ohun tí yóò fi dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọgbọ́n yìí kò dé orí fíríìjì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ Àjàṣẹ́, wá kí mi, ìgò tí mo ti ń tọ́ láti ọdún mélòó kan ni mo gbé kalẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Pupa rẹ̀ ti di àwọ̀ tíì. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n gbé ife sílẹ̀.

"Àbúrò, ọtí yìí ti kú tipẹ́. Kí ló dé tí o ò tíì sin ín?"

"Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó lè pẹ́?"

"Mu ìlàjì, dé e, ó dọ̀la. Bí adùn èso bá ṣì wà, tó jẹ́ líle rẹ̀ nìkan ló dín kù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè dúró. Bó bá ti tẹ́ lẹ́nu, tètè mu ìyókù."

Lójú tèmi, èyí tó pọ̀ jù nínú ìgò olówó pọ́ọ́kú, Côtes du Rhône ni o, Corbières ni o, ọdún méjì mẹ́ta ti tó o. Ká má sì purọ́ mọ́ Beaujolais: Morgon àti Moulin-à-Vent, ọmọ agbègbè kan náà, a máa pẹ́ dáadáa.

Mo ra Cahors láti fi dán ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wò. Mo mu ìlàjì, mo dé e. Ó di ọ̀gànjọ́, mo dìde lọ mu omi. Mo tún ra òmíràn. Ẹran pẹ́pẹ́yẹ wà nílé lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Cahors ṣe ń rí lọ́jọ́ kejì, ẹ bi ẹlòmíràn.