Iná Lórí Òrùlé Onílé

Mo lọ tẹ ìwé kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Àgbọ̀wó, nílùú Ìbàdàn. Mo ṣí Gmail kí n lè wọ àkáǹtì mi, àfi bí mo ṣe rí i tí lẹ́tà ẹlòmíràn tò bẹẹrẹ síwájú mi. Bàbá kan ni. Àwòrán rẹ̀ wà ní igun òkè, ó de fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì wọn, lórí owó sìmẹ́ńtì. Bí mo bá tẹ ibì kan péré sí i, inú Google Drive rẹ̀ ni mo máa já sí. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Kò kúkú dìgbà tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ kó tó mọ ohun tí irú wa ń kó síbẹ̀: NIN, ìwé ilẹ̀, páàsípọ́ọ̀tù, èsì WAEC ọmọ, èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣúgà, àti fáìlì kan tí wọ́n sọ lórúkọ “Gbogbo pásíwọ́ọ̀dù mi”.

Mo pe ọmọ tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀bù. Kò tiẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó ní, “Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, sà. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, èmi ni mo máa ń lé wọn jáde nínú àkáǹtì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.”

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí ewu bá wà lórí ilé rẹ̀ kì í fojú lé oorun. Àmọ́ àwọn àgbà ò rí irú tiwa. Ayé ìgbà yẹn, bí èèyàn bá tiẹ̀ ya wèrè, orí òrùlé ara rẹ̀ ló máa gbé iná sí, èéfín á sì jí i. Bàbá yìí gbé iná tirẹ̀ sórí òrùlé onílé ní Àgbọ̀wó, ó wọ Micra, ó lọ sùn ní Àkóbọ̀. Ilé tó sì máa jó, ti Àkóbọ̀ ni.

Mi ò dé ilé náà rí, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, torí ilé gbogbo wa ni. Géètì onírin, àgádágodo mẹ́ta. Àfọ́kù ìgò lórí fẹ́ǹsì, irin lójú fèrèsé, ọlọ́dẹ tó ń gbowó lóṣooṣù, ajá tí kò ní ọ̀rẹ́. Bí bàbá náà bá dé ìdí ATM, á fi ọwọ́ méjèèjì àti àyà bo ẹ̀rọ náà, á wá máa fi ìfura wo ìyá arúgbó tó tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bi í pé ọmọ mélòó ló bí, á ní a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ náà ńkọ́, tọjọ́, toṣù, tọdún? Ó wà ní Àgbọ̀wó, ẹni tó bá ti sanwó jókòó lè kà á.

Àwọn èèyàn bíi bàbá yìí rò pé bí àwọn bá ti pa ojú ewé dé, àwọn ti lọ. Ẹ ò lọ o. Nígbà tí ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù yín, ìkànnì náà fi àmì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní cookie pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kó lè máa fi dá yín mọ̀. Ẹ pa ojú ewé dé, kí NEPA mú iná lọ, àmì ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá jókòó tẹ̀lé yín, kọ̀ǹpútà gbà pé ẹ̀yin lẹ padà dé. Kò ní bi í ní ìbéèrè kankan, àfi tí ẹ bá ti fọwọ́ ara yín tẹ sign out. Bí ẹ bá tiẹ̀ rántí tẹ̀ ẹ́, ìwé tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde ṣì jókòó sínú Downloads. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé bí kọ̀ǹpútà bá béèrè bóyá kí òun bá wọn tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọlúàbí kì í kọ ìrànlọ́wọ́.

Ní 2016, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà rán ọkùnrin kan lẹ́wọ̀n oṣù 18 torí pé ó wọ àkáǹtì iCloud àti Gmail àwọn gbajúmọ̀. Onítọ̀hún ní láti jókòó kọ ayédèrú ímeèlì, kó ṣe bí ẹni pé Apple tàbí Google ló ń kọ̀wé, kí wọ́n tó kó pásíwọ́ọ̀dù lé e lọ́wọ́. Ó ṣiṣẹ́. Bàbá Àkóbọ̀ ò fẹ́ kí olè ṣe wàhálà kankan.

Bẹ́ẹ̀, orí fóònù tó wà lápò rẹ̀ ló ti lè rí gbogbo ẹ̀rọ tí àkáǹtì rẹ̀ ṣí sí, kó sì ti ara rẹ̀ jáde níbẹ̀ láìkúrò lórí àga. Kò ráyè. Ó ń pín ìkìlọ̀ lórí WhatsApp pé nọ́ńbà kan wà tí èèyàn bá gbé ìpè rẹ̀, owó báńkì á fò lọ.

Àwọn tó ṣe fóònù tiẹ̀ gbìyànjú láti gbà wá lọ́wọ́ ara wa. Láti Android 5.1, ní 2015, bí ẹnìkan bá pa gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n yọ àkáǹtì olówó rẹ̀ kúrò, fóònù náà lè kọ̀ jálẹ̀, á ní kí ó mú pásíwọ́ọ̀dù ẹni àná wá. Nítorí olè ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo mọ̀ ta fóònù rẹ̀ ní Computer Village, n'Ìkẹjà, kò yọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ẹni tó rà á pè é: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, fóònù yìí ń bèèrè pásíwọ́ọ̀dù yín o.” Ẹ̀gbọ́n bẹ̀ ẹ́ kó má bínú pé òun dá a dúró. Ó fi pásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́, ó sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fi fóònù náà ṣe é lóore.