Wọ́n Ti Ń Ta Ìlà ní Orlando

Ẹ rọra bá mi sọ̀rọ̀ lónìí o. Ẹnikẹ́ni tó bá tún sọ fún mi pé àwa ọmọ Nàìjíríà ni a kò mọ ìlà tò, èmi àti olúwarẹ̀ yóò jọ wọ ṣòkòtò kan náà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń fi ìlà bú wa. Tí wọ́n bá dé ilé epo, wọ́n á ní ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi bọ́ńpà gún ara wọn. Tí wọ́n bá dé báńkì, wọ́n á ní ẹ wo bí wọ́n ṣe ń na ọwọ́ kọjá lórí ẹni tó wà níwájú. Ẹni tó lo oṣù mẹ́ta péré ní London, tó bá dé, á mi orí, á ní, "Àwọn òyìnbó máa ń tò o jàre."

Òótọ́ ni, wọ́n máa ń tò. Ohun tí arìnrìn-àjò wa kò bá wa sọ ni pé àwọn òyìnbó ti gbé ìlà náà sórí àtẹ, wọ́n ti lẹ iye owó mọ́ ọn lára, wọ́n sì ti ń tà á.

Ẹ kò lè ṣàì gbọ́ nípa tíkẹ́ẹ̀tì Disney. Ní àsìkò Kérésìmesì 2025, owó ìwọlé ọjọ́ kan sí Magic Kingdom, ọ̀kan nínú ọgbà mẹ́rin tó wà ní Walt Disney World lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orlando ní Florida, dé $199. Ariwo ta. Wọ́n ní tálákà kò ní lè mú ọmọ rẹ̀ lọ wo Mickey mọ́. Ariwo yẹn gan-an ló ń bí mi nínú, torí ibi tí ariwo wà kọ́ ni ẹjọ́ wà. Owó ẹnu ọ̀nà lásán ni $199 yẹn. Ẹ ó san án, ẹ ó wọlé, ẹ ó sì bá ìlà níwájú. Tí ẹ kò bá wá fẹ́ tò, ìwé kan wà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà níbẹ̀ ní October 2024, Lightning Lane Premier Pass lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìwé yìí ń ṣe láyé: kí ẹni tó rà á lè fo ìlà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti $129, ó sì dé $449, bí ọgbà àti ọjọ́ bá ṣe rí. Ọjọ́ kan ni o. Ọgbà kan. Orí kan.

Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó dáadáa. Owó tí ẹ fi wọ ọgbà kò tó ìdajì owó tí ẹ ó fi sá fún ohun tó wà nínú ọgbà. Ẹ̀yin lẹ san owó kí ẹ lè débi ìlà, ẹ̀yin náà lẹ ó tún san ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ má bàa rí ìlà sójú.

Àmọ́ tàgbà ṣì rọrùn. Ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré ni kò jẹ́ kí n sùn. Lọ́dọ̀ Disney, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kì í san kọ́bọ̀. Ọjọ́ tó bá pé ọdún mẹ́ta báyìí, ó di oníbàárà. Tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé rẹ̀ fi dọ́là díẹ̀ rẹlẹ̀ sí ti bàbá rẹ̀, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ìwé ìfo-ìlà kò ní iye ti ọmọdé. Tí bàbá bá san $449, ọmọ tí ìyá ṣì ń nu imú fún náà á san $449.

Ó san án tán, ó wá dé iwájú ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Space Mountain. Igi ìwọ̀n wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 112 kò gbọdọ̀ gùn ún. Wọ́n tún gbé e dé iwájú TRON: sẹ̀ǹtímítà 122. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn aràrá méje, tí ọkọ̀ wọn kì í sáré bíi tàwọn yòókù: sẹ̀ǹtímítà 97, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta kò tíì ga tó ìyẹn. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ mi ye. Àwọn tó tò fún wákàtí kan ààbọ̀ náà ni wọ́n á wọn ọmọ wọn, tí wọ́n á sì ní kó máa lọ. Ọmọ tiyín san $449 kó lè tètè débi tí wọ́n á ti lé e padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ojú ti ti ọmọ náà, ó ti ń sunkún. Iṣẹ́ yá.

Ẹnìkan á ní kò sẹ́ni tó ní ká ra tọmọdé, pé bàbá lè lọ gùn ún kí ìyá di ọmọ mú, kí wọ́n sì ṣe pààrọ̀. Wọ́n ní ètò fún ìyẹn lóòótọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọmọ náà wá sídìí erin tó ń fò tàbí sídìí Peter Pan, níbi tí kò sí igi ìwọ̀n, tí òun náà lè gùn. Kò lè bá yín gba ẹnu ọ̀nà kíákíá bí òun fúnra rẹ̀ kò bá ní ìwé. Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín pa mí lẹ́kún nìyí: ìwé yẹn kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ta ni nínú yín tó ti rí ọmọ ọdún mẹ́ta tó gun nǹkan lẹ́ẹ̀kan tó sọ̀ kalẹ̀, tó ní, "Ẹ ṣeun, ó tó"? "Ẹ jẹ́ á tún un gùn!" lọ̀rọ̀ tó máa ń ti ẹnu ọmọ jáde. Erin yẹn kan náà ló fẹ́ gùn nígbà mẹ́wàá. Ẹ san $449, erin ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ lọ tò.

Kí ọmọ tún wá pé ọdún mẹ́wàá, tíkẹ́ẹ̀tì àgbà ló kàn. Àgbà! Lágboolé tiwa, ẹni ogójì ọdún tó ti níyàwó nílé, wọ́n ṣì ń rán an lọ ra omi tútù nígbà ìpàdé ẹbí. Lọ́dọ̀ Disney, ọmọ ọdún mẹ́wàá ti dàgbà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó wá máa dá owó aṣọ ẹbí, kó sì bá wa dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wa tó wà ní kóòtù. Mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń ronú àtifi ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù gbé ọmọ wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ti pé ẹni àádọ́ta ọdún lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú fáìlì ìjọba, ẹ̀yin ni mò ń wò yẹn. Bí ẹ bá sọ pé ọmọ ọdún márùn-ún kò tíì pé mẹ́ta, ẹ kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un kó má sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Bàbá, ìyá, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ ọdún mẹ́ta. Orí márùn-ún ní $449, ó di $2,245. Tí a bá ṣẹ́ dọ́là kan ní ₦1,450, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000 láti 2024. Ẹni tó ń gba iye yẹn yóò ṣiṣẹ́ oṣù 47 láìjẹ láìmu kí ìdílé kan tó lè fo ìlà lọ́jọ́ kan. Mi ò tíì ka tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé o. Mi ò ka hòtẹ́ẹ̀lì, mi ò ka ọkọ̀ òfuurufú, mi ò ka itan tòlótòló tí wọ́n ń tà níbẹ̀, mi ò sì ka etí Mickey tí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ní àwọn fẹ́ tí ọ̀kan bá ti gbà á.

Ìwé tó rọjú wà, Multi Pass. Ìyẹn ni ìyàwó àbúrò mi kan tó ń gbé ní Houston fẹ́ rà, ó sì ti sọ ọ́ di ẹ̀sìn. Aago méje òwúrọ̀ Florida ni wọ́n ń ṣí i lórí áàpù. Ẹni tó dé sí hòtẹ́ẹ̀lì Disney á yan tirẹ̀ ní ọjọ́ méje ṣáájú, ẹni tó dé síbòmíì á yan tirẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ rí i? Ìlà wà fún àtira ìwé ìfo-ìlà, wọ́n sì ti ta ìyẹn náà. Aago mẹ́fà ni ti Houston nígbà yẹn, obìnrin náà á ti jí, fóònù lọ́wọ́, gílóòbù iná títàn, ọkọ á máa bi í pé ṣé àdúrà ló ń gbà. Ibi tí wọ́n á ti jẹun pàápàá, ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú ni wọ́n ń gbà á sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò mọ̀ ní ìṣẹ́jú yìí bóyá ìrẹsì lòun fẹ́ tàbí dòdò, tí ẹ bá sì gbé dòdò fún un á ní ìrẹsì lòun wí, òun lẹ fẹ́ bá ṣètò oúnjẹ ọgọ́ta ọjọ́. Ìyàwó wa ti ya tábìlì, ó fi àwọ̀ sí i, ó kọ àkókò ìtọ̀ síbẹ̀. Mo bi í léèrè ìgbà tí wọ́n á ṣeré. Ó ní kí n dákẹ́, ìsinmi làwọn ń lọ.

Walt Disney fúnra rẹ̀ sọ pé orí bẹ́ńṣì lòun jókòó sí ní Griffith Park ní Los Angeles, tí àwọn ọmọbìnrin òun ń gun ẹṣin onígi tó ń yí, nígbà tí òun rò ó pé ó yẹ kí ibì kan wà tí òbí àti ọmọ á ti jọ ṣeré. Ó ṣí Disneyland ní July 17, 1955, dọ́là kan ni owó ìwọlé àgbà. Nígbà tí Magic Kingdom ṣí ní 1971, lẹ́yìn ikú rẹ̀, $3.50 ni. Àní ìwé ìfo-ìlà gan-an, FastPass, ọ̀fẹ́ ni nígbà tó dé ní 1999, gbogbo ẹni tó bá ti wọlé ló ní ẹ̀tọ́ sí i. Àrùn kòrónà ti ọgbà pa ní 2020. Ìgbà tí wọ́n máa fi dá ètò náà padà ní 2021, wọ́n ti lẹ $15 mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, iye owó ń gòkè, orúkọ ń yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ ná. Inú bí mi. Ilé-iṣẹ́ Disney ní ẹ̀tọ́ láti ta ohun tó wù ú, ẹni tó sì fẹ́ rà á kó rà á. Ṣùgbọ́n àyè tí ẹnìkan gbà níwájú, lára ti ẹlòmíràn ni wọ́n ti yọ ọ́. Àwọn ọmọ tó wà lórí ìlà gbọọrọ yẹn, nínú oòrùn July ní Florida, ojú wọn ni àwọn ẹgbẹ́ wọn fi ń kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́fà á bi ìyá rẹ̀ pé, "Kí ló dé tí àwọn wọ̀nyẹn ò tò?" Kí ni ìyá fẹ́ fi dá a lóhùn? Òun náà ti ṣiṣẹ́ òru, ó ti tọ́jú owó, ó ti san owó ìwọlé. Ọjọ́ yẹn gan-an lọmọ á kọ́ ọ pé ìyá òun kò tó. Ìwà ìkà ni. Ẹ má pè é ní ọgbọ́n ìṣòwò fún mi.

Ilé ńkọ́? Kẹ́ ẹ má rò pé mo gbàgbé. Àwọn ọ̀gá tiwa kì í ra ìwé kankan. Síréènì ni tiwọn. Lójú títì Èkó sí Ìbàdàn, tí gbogbo ayé bá ti há, ẹ ó gbọ́ wíì-wíì-wíì, mọ́tò dúdú márùn-ún á gba ọ̀nà òdì, ọlọ́pàá á na ẹgba síta láti ojú fèrèsé, gbogbo wa á fi kòtò ṣe ibùdó. Epo tí wọ́n fi ń sáré, àwa la san án. Nítorí náà, ti Disney tún dáa jù: olówó ibẹ̀ ń fi owó ara rẹ̀ fo ìlà.

Ìlà kan ló wà tí owó kò lè fò. Láti January 1, 2026, ìjọba Trump ti dá físà ìbẹ̀wò dúró fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tí físà rẹ̀ kò tíì parí ṣì lè gbé ọmọ rẹ̀ lọ bá erin. Àwa yòókù, bí a tilẹ̀ ní $449 lọ́nà mẹ́wàá, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì físà Amẹ́ríkà ní Walter Carrington, l'Ékòó, ni a ó ti padà.

Ẹnìkan á ní ká lọ sí tilé. Ó yá, ká lọ. Ìbàdàn ní Transwonderland ní Bódìjà, ọgbà tí òǹkọ̀wé Noo Saro-Wiwa fi orúkọ rẹ̀ sọ ìwé ìrìnàjò rẹ̀ lórí Nàìjíríà, tó jáde ní 2012. Nígbà tó débẹ̀, ọgbà ti gbó. Kò sì sí ìlà níbẹ̀, ká sọ òtítọ́.

Ní Àgbádárìgì, ìlérí ló pọ̀ jù. Ní 2009, wọ́n gbé ètò kan jáde níbẹ̀ tí owó rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là: hòtẹ́ẹ̀lì ńlá, pápá gọ́ọ̀fù, ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún àwọn olórin Jackson Five, gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, Marlon Jackson, ọ̀kan nínú wọn, sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ètò ìgbafẹ́ ní etíkun tí wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kó àwọn baba wa lọ! Àwọn ọmọ tí wọ́n ṣèlérí yẹn fún ti di òbí, wọn kò tíì rí gọ́ọ̀fù, wọn kò tíì rí Jackson. Ọdún 2009 yẹn náà ni ìjọba Èkó gbé iṣẹ́ fífẹ̀ títì Èkó sí Àgbádárìgì síta. Wọn kò tíì parí rẹ̀.